Ọ̀pọ̀ Ìròyìn, Odù Kan

 

Ní ọdún 2017, oorun dá lójú ọ̀pọ̀ ará Ìkòròdú. Àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọlé onílé lóru. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, wọ́n jí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà gbé ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ẹ̀pẹ́. Ewu náà kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n òótọ́, irọ́ àti àbùmọ́ jọ ń rọ́ wọ orí fóònù ni. Nígbà tí ó di oṣù Keje, àwọn èrò tí ń wá Badoo kiri ní Ìkòròdú pa aláìṣẹ̀. Aláwàdà kan wà nínú wọn. Ìfura lásán ni ẹ̀rí wọn.

Odù Ifá jẹ́ 256, síbẹ̀ ẹni tí ẹ̀rù bà tí ó wá dáfá kì í gbọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Babaláwo yóò da ọ̀pẹ̀lẹ̀, odù kan yóò sì yọjú. Ìbò ló kàn: owó ẹyọ ní ọwọ́ kan, egungun ní ọwọ́ kejì. Ire ni àbí ibi? Ibi wo? Kí ni ẹbọ rẹ̀? Ó lè jọ ìfàkókòṣòfò lójú ọ̀dọ́ tí ìka rẹ̀ kì í kúrò lórí fóònù. Ẹ̀rù lè má tíì tán lára ẹni náà nígbà tí ó bá dìde, ṣùgbọ́n ó ti mọ èyí tí ó kàn án.