Ojú Tí Ń Wo Òkun Láti Òkè

Ọ̀rọ̀ òkun ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n Mende ní Kósọ̀fẹ́ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí òjò ńlá bá rọ̀ ní Mende, Odò Ìyá Aláró ni ó ń gba omi náà. Odò yìí a gbé e lọ sínú ọ̀sà Èkó, ọ̀sà a sì gbé e fún òkun. Ṣùgbọ́n bí òkun bá kún, ọ̀sà náà a kún, omi odò kì í sì í tètè rí ibi gbà. Nígbà náà ni ẹni tí ó sùn sí yàrá ìsàlẹ̀ yóò jí, tí yóò bá bàtà rẹ̀ tí ń léfòó.

Báwo ni a ṣe ń mọ bí òkun ti ga tó? Ní 1992, Amẹ́ríkà àti Faransé rán ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ TOPEX/Poseidon sí ojú ọ̀run. Sátẹ́láìtì ni à ń pe irú rẹ̀. Ó ń yí ayé po ní ibi tí ó ga ju kìlómítà 1,300 lọ. Ẹ ti pariwo sínú kànga rí, àbí? Ohùn yín a lu omi, a sì padà sí yín létí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ yìí ń ju ìgbì rédà sí ojú òkun, tí ó ń ka àkókò tí ìgbì náà fi padà. Bí ó bá tètè padà, omi ga níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti rọ́pò rẹ̀. Ní 2020 ni Sentinel-6 Michael Freilich gòkè. Ohun tí wọ́n kà fihàn pé láti 1993, òkun àgbáyé ti ga sí i ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10, tí í ṣe fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Yìnyín tí ń yọ́ wà lára ohun tí ó fà á. Ooru náà wà níbẹ̀, nítorí omi tí ó bá gbóná a máa wú.

Àwọn sátẹ́láìtì mìíràn ń wo ooru ojú òkun. Ìkùukùu lè dí àwọn kan lójú, àwọn kan sì ń ríran kọjá rẹ̀. Àwọn onímọ̀ a fi àwọ̀ pupa kun ibi tí ó gbóná nínú àwòrán, wọn a fi àwọ̀ búlúù kun ibi tí ó tutù. Láti July dé September, ẹ ó rí búlúù lẹ́bàá etí òkun Ghana àti Ivory Coast: omi tútù ni ó ń ti ìsàlẹ̀ gòkè. Ẹja ṣàwá a pọ̀ lákòókò náà, inú àwọn apẹja a sì dùn. Omi tútù yìí wà lára ohun tí ń mú kí òjò sinmi fún wa nínú oṣù August.

Ẹ̀rọ náà ní àléébù tirẹ̀. Nítòsí èbúté, ilẹ̀ a máa da ìgbì rédà rú, nítorí náà a kò lè fi ọ̀pá ìwọn-omi etí òkun sílẹ̀. Ní December 2022 ni SWOT gòkè, èyí tí a ṣe kí ó lè rí odò tí fífẹ̀ rẹ̀ ju mítà 100 lọ. Odò Ìyá Aláró ní Mende kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sà Èkó tí ó ń ṣàn lọ bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.