ÀGBÀ TÓ Ń GBÀGBÉ ÀTI ÀGBÀ TÓ Ń ṢARÁN

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí ń ṣẹlẹ̀ nínú agbo ilé wa, láti Bẹyẹrunka dé Ọjà'ba, láti Mápó dé Bẹẹrẹ. Ìyá àgbà jẹ sààrì tán, kò pẹ́, ó ní wọn kò fún òun lóúnjẹ. Ó kírun Àsùbáà tán, ó tún dìde fún Àsùbáà. Ọmọ á ní ọjọ́ orí ni. Ìyàwó ilé á ní màmá fẹ́ ba òun lórúkọ jẹ́ ni. Aládùúgbò á ní àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́. Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí náà jẹ̀bi. A ti jágbe mọ́ àgbà wa rí kí ó tó yé wa pé àìsàn ni.

Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé ìgbàgbé wà, àrùn sì wà. Bí ẹsẹ̀ àgbà ṣe ń falẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iyè rẹ̀ ń falẹ̀. Bí màmá bá pe orúkọ ọmọ mẹ́ta kó tó kan ẹni tó ń pè, ìgbàgbé àgbà nìyẹn. Bí ó bá wá tẹ̀súbáà títí, tó wá rántí ibi tó fi í sí, kò séwu. Bí ó bá ṣiyèméjì nínú rákà, ọ̀dọ́ pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá rí tẹ̀súbáà nínú ìkòkò ata, tí màmá sì ń pariwo pé wọ́n jí i. Bí ẹni tó ti ń tajà l'Ọ́jà'ba láti ìgbà ọmọge kò bá lè ṣírò ṣéńjì mọ́. Bí ó bá ṣìnà padà sí ilé tó ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Bí kò bá mọ ohun tó kàn nínú àlùwàlá. Bí ó bá ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárọ̀ kan, tó sì ń le sí i, ẹ má pe ìyẹn ní ọjọ́ orí lásán.

Ẹ̀rí wà nítòsí. Ní 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun wà lára wọn, àti àwọn ti Yunifásítì Indiana l'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn, nínú ìlú Ìbàdàn níbí. Wọn kò bi àgbà nìkan. Wọ́n tún bi ẹbí tó mọ̀ ọ́n dáadáa pé kí ni ó ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò lè ṣe mọ́. Àbájáde tó jáde ní 2001 ni pé nínú 1,000 àgbàlagbà, bíi 13 sí 14 ni àrùn yìí ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún n'Ìbàdàn. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis, bíi 32 ni. Bó bá jẹ́ ọjọ́ orí nìkan ni, ṣé kì í ṣe gbogbo àgbà ni ì bá mú?

Bí iyè bá dàrú lójijì, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ má dúró. Ibà, òùngbẹ, àìtó ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, tàbí oògùn lè fà á. Bó bá ń gbààwẹ̀, kó ṣínu, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Bó bá sì jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló dé, ẹ mú un lọ bákan náà, nítorí ìbànújẹ́ ọkàn, etí dídi àti àwọn àìsàn mìíràn tó gbóògùn máa ń jọ ọ́. UCH ní ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà láti 2012. Kí ẹni tó ń bá wọn gbé tẹ̀lé wọn lọ. Òun ni ẹlẹ́rìí.

Ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti lọ, kò sí ọ̀ranyàn àwẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Nínú Suratu Nahl, ẹsẹ 70, Ọlọ́run ti sọ fún wa pé àwọn kan yóò dàgbà títí ìmọ̀ wọn yóò fi lọ. Nínú Suratu Isra, ẹsẹ 23, Ó kọ̀ fún wa láti pòṣé sí òbí wa tó darúgbó. Bí màmá bá ní òun kò tíì jẹun, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ bu díẹ̀ fún un.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a rí ẹni tọ́jú wa nígbà tiwa (Àmín). Wassalaamu alaikum.