Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kú Lójijì: Ẹ Jẹ́ Ká Yẹ RAM Rẹ̀ Wò Ká Tó Tà Á
Ọ̀rọ̀ tí Olùdarí Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa

Wọ́n ní bọ́mọdé bá mọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ọwọ́ tí mo wẹ̀ wá síbí lónìí, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà inú gbọ̀ngàn wa ni.

Ẹ̀yin lẹ dáwó ra mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fáwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò JAMB. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti gbé ìdánwò àṣewọ yunifásítì kúrò lórí ìwé pátápátá. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá mọ́ kọ̀ǹpútà, kó tó wá ibi tó máa tẹ̀, àkókò ti lọ. Ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú ẹ̀rọ yìí ló ń kú lójijì. Ọmọ á dé ìbéèrè ogún, ojú ẹ̀rọ á di búlúù, á pa ara ẹ̀, á tún ara ẹ̀ tàn. Ìgbà mẹ́ta la ti sanwó kí wọ́n pa Windows rẹ́ kí wọ́n fi tuntun sí i. Ọ̀sẹ̀ kan péré, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àbá tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé ká ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lówó irin, ká tún dáwó. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ RAM wọn wò.

Kí ló ń jẹ́ RAM? Ẹ wo aránṣọ. Ó ní àpótí tó ń kó aṣọ sí, ó ní tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Díìsìkì kọ̀ǹpútà ni àpótí yẹn. Bí iná lọ, ẹrù inú ẹ̀ wà níbẹ̀. RAM ni tábìlì. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe lọ́wọ́, orí ẹ̀ ló ń tẹ́ ẹ sí. Bí iná bá lọ, tábìlì mọ́ fo. Tí ìṣó bá wá yọ lójú tábìlì, aṣọ tó bá bọ́ sí ọ̀gangan ibẹ̀ á ya. Aṣọ kejì lè má kan ìṣó yẹn rárá. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà tí RAM ẹ̀ bàjẹ́ fi ń ṣe bí àbíkú: lónìí á ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́ta, lọ́la á kú láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ tún kíyè sí èyí. Aṣọ tó ya lórí tábìlì, bó ṣe ya náà ni wọ́n á ká a padà sínú àpótí. Fáìlì tó bàjẹ́ nínú RAM á wọ díìsìkì lọ bó ṣe bàjẹ́. Windows tuntun tí à ń fi sí i, orí tábìlì oníṣòó yẹn náà ló ń gbà kọjá. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣọ̀wọ́n. Lọ́dún 2009, Bianca Schroeder ti Yunifásítì Toronto àti àwọn méjì láti Google gbé ìwádìí jáde lórí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá Google. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni RAM ẹ̀ ṣàṣìṣe, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Irú RAM tiwọn máa ń tún àṣìṣe kéékèèké ṣe fúnra ẹ̀. Èyí tó wà nínú láptọ́ọ̀pù tiwa ò mọ ìyẹn ṣe.

Kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà tó bá kú ni ẹ̀sùn ẹ̀ kan RAM o. Tí ara ẹ̀ bá gbóná janjan, tó kàn kú pii láìkọ nǹkan kan, ẹ wo fáànù, eruku lè ti dí i. Tó bá jẹ́ ìgbà tí iná NEPA bá rẹlẹ̀ ló ń kú, ẹ wo bátìrì àti ṣájà. Ṣùgbọ́n tí ojú ẹ̀ bá ń di búlúù, tàbí dúdú lórí Windows 11 tuntun, tó ń kọ MEMORY_MANAGEMENT tàbí PAGE_FAULT_IN_NONPAGED_AREA, tí ohun tó ń kọ sì ń yí padà lójoojúmọ́, RAM ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Báyìí la ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀yin náà sì lè ṣe é nílé:

1. Ẹ kọ́kọ́ gba ẹrù là. Ẹ yọ díìsìkì, ẹ fi kọ̀ǹpútà mìíràn tó dáa da fáìlì inú ẹ̀ kọ. Ẹ má lo èyí tó ń ṣàìsàn, ó lè ba ẹ̀dà yẹn náà jẹ́. Ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti ti àwọn ọmọ tá à ń ràn lọ́wọ́ nílé ìwé wà nínú ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí.

2. Ẹ dá díìsìkì padà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ mdsched.exe, ẹ tẹ Enter, kẹ́ ẹ ní kó tún ara ẹ̀ tàn. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ F1, ẹ mú Extended, kó lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Tí kò bá rí nǹkan kan, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ gbé MemTest86 sórí fláàṣì, ọ̀fẹ́ wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú lórí iná tí kò ní já. Òdo ni àṣìṣe tó gbọ́dọ̀ kọ. Tó bá kọ ẹyọ kan péré, nǹkan ti bàjẹ́.

3. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ṣájà àti bátìrì, ẹ fọwọ́ kan irin kí iná ara yín má ba RAM jẹ́. Ẹ yọ RAM, ẹ nu eruku ibẹ̀, ẹ tì í padà títí tó fi máa dún kà. Nígbà mìíràn, ó kàn mì kúrò láyè ẹ̀ ni.

4. Tí ẹyọ RAM bá jẹ́ méjì, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ pààrọ̀ wọn nínú ihò kan náà, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lo ihò kejì. Tí àṣìṣe bá ń tẹ̀ lé ẹyọ kan káàkiri, ẹyọ yẹn ló bàjẹ́. Tó bá jẹ́ ihò kan ló ti ń ṣẹlẹ̀, ẹyọ yòówù kó wà níbẹ̀, bọ́ọ̀dù la máa bi.

5. Tá a bá fẹ́ rà, ẹ mú ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ. DDR3 kì í wọ ihò DDR4, ti láptọ́ọ̀pù sì kúrú ju ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan wà tí wọ́n jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù, ìyẹn ò ṣe é yọ. Kó tó di pé owó wà, ẹ̀rọ tá a yọ ẹyọ burúkú kúrò nínú ẹ̀ ṣì lè fi ẹyọ kan tó kù ṣiṣẹ́, kó kàn máa rọra ṣe é.

Ẹ̀yin àgbà, Sátidé méjì la fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, a máa kọ ohun tá a bá rí lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, a máa gbé e síwájú ìgbìmọ̀. Èyí tí bọ́ọ̀dù ẹ̀ bá ti kú, ẹ ta á. Èyí tó bá jẹ́ RAM nìkan, ẹ jẹ́ ká fi owó kékeré gbà á là, kí owó ńlá lè wà fún ilé ìwé àwọn ọmọ.

Ìlú wa á máa gòkè sí i, àṣẹ Èdùmàrè.