Òṣùká Iná: Ìpààrà Iná Mànàmáná àti Àyẹ̀wò Ilẹ̀ Òkè-Ògùn



Kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ físíìsì nìkan, ṣùgbọ́n ó kan kànga tí a ń pọn mu ní Ṣakí àti ilẹ̀ tí a ń kọ ebè sí ní Ìsẹ́yìn. Odò Ògùn bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Ṣakí. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá kí ó tó wọ ọ̀sà ní Èkó. Ohun tí ó bá yọ́ sínú omi ní òkè odò, àwọn ará ìsàlẹ̀ lè pín nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Òkè-Ògùn kì í sì í ṣe ilẹ̀ oko nìkan. Àwọn awakùsà ń wa òkúta iyebíye tọ́málììnì ní Òfìkì àti Kòmú.

Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn awakùsà ń gbé òkúta wúrà wálé láti lọ̀ ọ́. Òjé inú òkúta náà fọ́n ká àgbàlá, ó sì pa ọmọdé tí iye wọn tó 400 ó kéré tán. N kò sọ pé irú rẹ̀ wà ní Òkè-Ògùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ojú lásán kò lè rí òjé nínú omi. Bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, mẹ́wàá péré nínú rẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òpin òjé nínú lítà omi mímu kan. Ta ni yóò wá rí i fún wa?

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó lè rí i ń lo plásímà. Plásímà ni gáàsì tí agbára ti já ẹlẹ́kítírọ́nì kúrò lára àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀, tí ó fi lè gbé iná mànàmáná. Ẹni tí ó bá ti rí i tí mànàmáná kọ mànà ní sánmà Ṣakí nígbà òjò àkọ́rọ̀ ti rí plásímà. Ti inú ẹ̀rọ kéré, a sì ń ṣìkẹ́ rẹ̀ kí ó má kú. A ń fẹ́ gáàsì ágọ́ọ̀nù gba inú túùbù dígí tí fífẹ̀ inú rẹ̀ tó mìlímítà 18. A ká wáyà bàbà yí ẹnu túùbù náà. Iná tí ń lọ tí ń bọ̀ nínú wáyà ń bí agbára òòfà tí òun náà ń yí padà. Ìyípadà yìí ni ó ń lé àwọn ẹlẹ́kítírọ́nì yípo, títí gáàsì yóò fi gbóná ju dígírì 6,000 lọ. Wáyà kò sì fara kan gáàsì náà rárá.

Iye ìgbà tí iná náà ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo ń pè ní ìpààrà. Mílíọ̀nù kan rẹ̀ ni mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì kan. Bí ìpààrà bá ti ń yára sí i ni iná ń rọ̀ mọ́ ara òde plásímà. Bí ìpààrà bá di ìlọ́po mẹ́sàn-án, jíjìn tí iná ń wọ inú yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ní mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 27, iná ń wọ inú tó bí mìlímítà 3. Ní mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 3, yóò wọ inú tó bí mìlímítà 9, èyí tí í ṣe ìdajì fífẹ̀ túùbù wa. Ó ti dé àárín gbùngbùn nìyẹn.

Ẹ rántí iṣu sísun. Bí iná bá le jù, ẹ̀yìn a jó, inú a wà ní tútù. Ẹni tí ń sun iṣu kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwa fẹ́ bẹ́ẹ̀. Plásímà tí ó gbóná lẹ́yìn ju àárín lọ dà bí òṣùká tí a fi ń ru ẹrù. Ihò àárín òṣùká náà ni a ń fẹ́ ìkùukùu omi kànga gbà. Òjé inú rẹ̀ yóò gbóná, yóò sì tan irú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, èyí tí a fi ń dá a mọ̀. Bí àárín bá dí, ìkùukùu náà yóò yà sí ẹ̀gbẹ́, kò sì ní sí ohun tí a óò kà.

Èyí hàn nínú ìtàn ẹ̀rọ náà. Ní ọdún 1964, Stanley Greenfield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo ìpààrà tí ó ga, òṣùká ni plásímà wọn. Ní ọdún 1965, Wendt àti Fassel ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì mẹ́ta àti díẹ̀, plásímà wọn kò ní ihò. Nígbà tí ó di 1969, Dickinson àti Fassel ti gbé e sókè sí bí 30, òṣùká sì yọ.

Lónìí, 27.12 àti 40.68 ni ó wọ́pọ̀, nítorí wọ́n wà lára àwọn tí a yà sọ́tọ̀ kárí ayé kí ẹ̀rọ má baà da rédíò láàmú. Ní 40.68, ooru àti ẹlẹ́kítírọ́nì dín kù díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ òjé dín kù, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ó ń bò ó mọ́lẹ̀ dín kù jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà òjé hàn dáradára. Bí a bá gbé ìpààrà sókè jù, plásímà yóò tutù ju bí a ti fẹ́ lọ.

Ìpààrà nìkan kọ́ ni ó ń tún gbogbo nǹkan ṣe. Yangí tí ó pọ̀ nílẹ̀ wa kún fún irin, irin sì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gun orí ìlà òjé, ìlà òjé mìíràn ni a gbọ́dọ̀ wá.

Púpọ̀ nínú wa ń fi àpẹẹrẹ ilẹ̀ àti òkúta ránṣẹ́ sí òkèèrè, iye nìkan ni a sì ń gbà padà. Mo bẹ̀ yín, kí gbogbo ìwé àbájáde wa máa sọ ìpààrà ẹ̀rọ tí a lò àti ìlà ìmọ́lẹ̀ tí a kà, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì kọ́ ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ bí òṣùwọ̀n ṣe ń wọn nǹkan, iye tí oníṣòwò bá pè ni yóò san. Bí ìyá kan ní Kòmú bá béèrè bóyá omi kànga rẹ̀ dára fún ọmọ, ó yẹ kí a lè dá a lóhùn, kí a sì lè sọ bí a ṣe mọ̀.