Ọ̀rọ̀ Lórí Pákó MDF: Kíkàn Rẹ̀, Kíkùn Rẹ̀, àti Eruku Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí àwa káfíńtà ẹ̀ka yìí bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogboògbò

   

Ní ìpàdé tó kọjá, ẹnì kan láàrin yín dìde, ó bi wá bóyá òótọ́ ni pé pákó MDF kò yàtọ̀ sí páálí, pé ẹni tó bá fi kan wọ́dúróòbù ń da owó rẹ̀ sómi ni. Kó tó jókòó, ẹlòmíràn ti fò dìde. Ó ní pákó yìí náà ni òun fi ń kan tábìlì nílé lẹ́yìn iṣẹ́, owó rẹ̀ ló sì ń bá òun san owó ilé ìwé ọmọ, nítorí owó oṣù kì í dé ìparí oṣù. Ariwo sọ. Alága lu tábìlì, ó ní kí àwa káfíńtà lọ múra ọ̀rọ̀ wá. Àwa náà ti dé. Àwọn méjèèjì ní òótọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kẹta wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ lọ́jọ́ náà, òun gan-an ló sì gbé wa dìde lónìí. Eruku ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí pákó náà jẹ́. Àwa tí a dàgbà nídìí iṣẹ́ igi, ìrókò, ọ̀gànwó, apá, afàrà àti arère ni a mọ̀. Ẹni tó bá ti ra igi rí ní Òkò Bàbá ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta mọ̀ pé èèyàn á wo ojú igi, á wo kókó ara rẹ̀, á sì béèrè bóyá ó ti gbẹ. MDF kò ní ojú igi, kò sì ní kókó. Igi ni wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi ooru omi rọ̀, tí wọ́n lọ̀ láàrin irin róbótó méjì títí ó fi di fọ́nrán bí òwú. Wọ́n á po àtè mọ́ ọn pẹ̀lú ìda díẹ̀, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí yóò fi le. Ìlú Deposit ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1960. Ẹ má ṣe pè é mọ́ pákó eléèérún tí wọ́n fi ń ṣe tábìlì ọ́fíìsì olówó pọ́ọ́kú, èyí tí ẹ ń rí èérún igi nínú rẹ̀ bí ó bá ya. MDF kúnná ju ìyẹn lọ.

Pákó kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn àti 4 ní ìbú. Èyí tó nípọn tó milimítà 18 lè wọn nǹkan bí kílò 40. Kò jìnnà sí àpò sìmẹ́ńtì, fífẹ̀ rẹ̀ sì tún mú un burú ju sìmẹ́ńtì lọ bí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Èèyàn méjì ni kó gbé e. Ẹ̀yìn tó bá ti yẹ̀, kò sí súkúrù tí a lè fi dè é.

A ó sọ ti ara wa, kí ẹ má baà rò pé inú ìwé ni a ti kà á. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi MDF ṣiṣẹ́, a kan wọ́dúróòbù onílẹ̀kùn mẹ́ta fún ọmọ ẹgbẹ́ kan tó fẹ́ gbéyàwó. A kùn ún ní funfun, ó ń dán gbinrin. Gbogbo àwọn tó wá síbi ìgbéyàwó ló ń béèrè ẹni tó kàn án, orí wa sì wú. Kò tó oṣù mẹ́rin tí ìyàwó ránṣẹ́ pè wá. Ìdí wọ́dúróòbù ti wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, ọ̀dà ti bó, ilẹ̀kùn kan kò sì pa dé mọ́. Ìyàwó kò ṣẹ̀ wá. Ojoojúmọ́ ló ń fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ ilé rẹ̀, bó ti yẹ kí ilé rí nìyẹn. Àwa ni a gbé etí pákó kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì láì kùn ún lábẹ́, tí omi sì ń fà á díẹ̀díẹ̀. MDF tó bá ti wú kì í padà sí bó ti wà. Kò sí oòrùn tí a lè sá a sí. Àpò ara wa ni a fi ra pákó mìíràn, a sì tún un kàn láì gba kọ́bọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí a bá fi MDF kàn kì í fi ìdí kanlẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ igi líle tàbí ti rọ́bà ni a fi ń gbé e sókè, a sì máa ń kùn abẹ́ rẹ̀ kí a tó gbé e dìde. Ibi tí omi òjò ti ń wọlé, ẹ má tilẹ̀ gbé e débẹ̀ rárá. Ikán náà kì í fojú fò ó, nítorí igi ni.

Ní ti kíkàn, ìṣó kọ́ ni ọ̀rẹ́ MDF. Ẹ kan ìṣó sí etí rẹ̀, yóò là bí ojú ewé ìwé. Súkúrù tí ara rẹ̀ dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí àtijọ́ tó sanra lọ́rùn tó sì tín-ín-rín lẹ́nu. Ẹ kọ́kọ́ fi dírílù lu ihò tó kéré ju súkúrù lọ, kí súkúrù má sì sún mọ́ igun tó íǹṣì méjì. Gúlù funfun ló ń so pákó pọ̀ ní ti gidi. Súkúrù kàn ń dì í mú títí gúlù yóò fi gbẹ ni. Bí ó bá jẹ́ pẹpẹ ìwé ni ẹ ń kàn, ẹ má jẹ́ kí àyè kan ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ láìsí ohun tó gbé e dúró láàrin. Lọ́jọ́ tí ẹ kàn án, yóò gún régé. Lẹ́yìn ọdún kan lábẹ́ ẹrù, ẹ óo rí i tó tẹ̀ bí ìkùn arúgbó.

Ibi kíkùn ni a ti ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́. Ojú MDF le, ẹ̀rọ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Etí rẹ̀ tí ayùn gé ni kò ní ìbòrí, ó sì ń mu ọ̀dà bí iyanrìn ti ń mu omi. Ẹ fi ọ̀dà olómi kan náà kùn ojú àti etí lẹ́ẹ̀kan náà, ojú á dán, etí á hu irun bí ara ewúrẹ́. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó fi sáńpépà di igi pẹlẹbẹ kan, a ó fi ha etí náà, a ó bẹ̀rẹ̀ láti 120, a ó bọ́ sí 180, a ó sì parí rẹ̀ sí 240. A ó ha mímú igun náà díẹ̀ kó lè yípo, nítorí ọ̀dà kì í dúró lórí igun tó mú, ibẹ̀ ló sì ti ń bó lákọ̀ọ́kọ́.

Lẹ́yìn èyí ni a ó dí etí náà pa. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ń fọ́n ọ̀dà sára bọ́ọ̀sì ní gáréèjì ni wọ́n kọ́ wa ní èyí, a kò ní fi í pamọ́. Body filler tí ẹ fi ń dí ojú ọgbẹ́ mọ́tò, ẹ fi pélébé irin pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ etí MDF, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ ha á, etí náà yóò le bí ojú. Ẹni tí kò bá ní i lè fi sanding sealer kùn ún lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kó máa ha á láàrin. Nígbà náà ni ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó jẹ́ olóróòrò yóò wá bo gbogbo rẹ̀. Ẹ kùn ẹ̀yìn bí ẹ ti kùn iwájú. Pákó tí a kùn lójú kan tí a fi ojú kejì sílẹ̀, ọ̀rinrin yóò gba ojú kejì wọlé, pákó á sì ká. Ẹ tún fi 320 ha á, ẹ nu eruku rẹ̀, kí ẹ wá kùn ọ̀dà gan-an lẹ́ẹ̀mejì, kó fẹ́lẹ́, kí òru kan sì wà láàrin. Nígbà òjò, ẹ fi òru méjì sí i. Oníbàárà á sọ pé èyí tó wà létí títì kì í gbà ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ kó fi ọwọ́ ra abẹ́ rẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n gbogbo híha tí a ń sọ yìí, níbo ni eruku rẹ̀ ń lọ? Eruku MDF kúnná ju ti ìrókò lọ. Kì í tètè bọ́ sílẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ ló ń dúró sí, imú àti ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń gbà á. Ní ọdún 1995, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà eruku igi, èyíkéyìí tó bá jẹ́, mọ́ ohun tó dájú pé ó lè fa jẹjẹrẹ, pàápàá nínú imú. Ní ọdún 2004, wọ́n ka formaldehyde náà mọ́ ọn. Formaldehyde yìí wà nínú àtè tí wọ́n fi ń po MDF. Òun ló ń ta yín lójú bí ẹ bá ṣí pákó tuntun. A kò sọ pé ẹni tó gé pákó kan ti kó àrùn. Ọ̀rọ̀ ọdún pípẹ́ ni. Ẹ má sì gba àheso tó ní Amẹ́ríkà ti fòfin de MDF. Irọ́ ni. Ohun tí wọ́n ṣe ní ọdún 2010 ni òfin tó fi gbèdéke sí formaldehyde tó lè jáde lára rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ wá èyí tí wọ́n tẹ E1 sí lára.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gé e nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ọmọ ń sùn sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jáde sí gbangba. Áńkáṣíìfù tí a so mọ́ imú kò dá eruku yìí dúró. Ìbòmú tí wọ́n kọ N95 tàbí FFP2 sí, tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, ni kí ẹ lò. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a, ẹ má sì fi afẹ́fẹ́ kọ̀ńpírésọ̀ fẹ́ ẹ kúrò lára aṣọ. Ẹ wọ́n omi sí i. Àjẹkù pákó náà, ẹ má kó o fún ìyá olóúnjẹ láti fi dáná. Èéfín àtè ni yóò máa fà símú.

Ẹnì kan wà láàrin wa tí a kò ní dárúkọ. Ọdún mọ́kànlá ló lò nídìí ẹ̀rọ ìgégi níbi tí wọ́n ti ń gé MDF láti àárọ̀ dalẹ́. Lónìí, kò lè gun àtẹ̀gùn ilé tirẹ̀ láì dúró lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ní kó kúrò nídìí eruku. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ní kò sí iṣẹ́ mìíràn fún un, pé bí kò bá lè ṣe é, kó máa lọ. Ìbòmú tí wọ́n fún un láàrin ọdún mọ́kànlá náà kò kún ọwọ́ kan.

Òfin wà o. Factories Act ilẹ̀ wa sọ pé níbi tí eruku tó lè pa òṣìṣẹ́ lára bá ti ń jáde, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe ohun tó ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ má fà á símú. Òfin owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, èyí tí àjọ NSITF ń bójú tó, ka àìsàn tí iṣẹ́ fà mọ́ ohun tí a ń gba owó lé lórí. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàrin ọjọ́ 14 tó bá ti mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ mú ẹ̀dà kan fún akọ̀wé ẹ̀ka. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dúró níwájú ìgbìmọ̀.

Nítorí náà, a ń bẹ ẹ̀ka pé nígbà tí ẹ bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, ẹ béèrè fún ẹ̀rọ tó ń fa eruku lẹ́nu ayùn gan-an, kì í ṣe fáànù tó kàn ń fẹ́ ẹ káàkiri. Ẹ béèrè fún ìbòmú tí a kò ní yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù. Àti pé ẹni tí dókítà bá ní kó kúrò nídìí eruku, kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ mìíràn láì dín owó rẹ̀ kù. Ti ẹni wa yìí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, a ó kan pẹpẹ kan níta ọ́fíìsì ẹ̀ka, a ó sì kùn etí rẹ̀ lójú gbogbo yín. Ẹni tó bá ń bọ̀, kó mú ìbòmú tirẹ̀ dání.