Owó Ẹgbẹ́ àti Onírúurú Ìwádìí
(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ọdún mẹ́wàá)

 

Wọ́n ní kí Alukoro sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́, nítorí owó ìrànlọ́wọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wa fi ń yangàn jù lọ. Ẹni tó bá mọ̀ wá mọ̀ pé iṣẹ́ báńkì là ń jẹ. Ẹ má bínú bí òórùn owó bá wà lára ọ̀rọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń dùn wá. Ní ìpàdé oṣù kìíní, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ọmọ Ìjẹ̀bú níbí, kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé òun fẹ́ ṣe ìwádìí fún oyè kejì nínú ìmọ̀ ìtàn. Ó fẹ́ máa rìn láti abúlé dé abúlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Erédò, kó máa gba ohun tí àwọn àgbà mọ̀ nípa yàrà náà sílẹ̀. Owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan ló béèrè. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ka ìwé ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. A ti fọwọ́ sí ti ọmọkùnrin náà kí akọ̀wé tó kà á tán. Nígbà tó kan ti ọmọbìnrin yìí, àwa gan-an la kọ́kọ́ dìde. A ní, "Ta ni yóò gbà á síṣẹ́? Kí ni èrè rẹ̀?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n dìbò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì já sófo.

Láti ọjọ́ náà la ti ń kàwé, tí à ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀. A wá rí i pé a kò mọ ohun tí ìwádìí jẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn wa ni pé kéèyàn wọ aṣọ funfun, kó máa wo ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ìṣègùn ṣáájú náà, torí òun la fẹ́ràn. Òsosà kò jìnnà síbí, ìlú Hubert Ogunde. Àìsàn kan wà níbẹ̀ tó máa ń mú àgbàlagbà: ẹsẹ̀ wọn á máa jó wọn bí iná, tàbí kó kú, wọn ò ní lè rìn gaara mọ́, ojú wọn á máa ṣe bàìbàì, etí àwọn mìíràn á di. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn dojú kọ àìsàn yìí láàárín 1960 sí 1970. Ó wo ohun tí àwọn èèyàn ń jẹ: ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, ẹ̀gẹ́ lálẹ́. Májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Rírẹ ẹ́, fífún un àti yíyan án ló ń lé èyí tó pọ̀ jáde. Ọ̀ṣúntókun ní èyí tó bá ṣẹ́kù, téèyàn ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló jọ pé ó ń ba iṣan jẹ́. Ibi gbogbo láyé ni wọ́n ti fi ìyẹn kọ́ àwọn dókítà.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn aláìsàn náà ní Òsosà ní 1969, wọ́n lé díẹ̀ ní 2 nínú 100. Ní 2000, Oluwole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde mìíràn jáde. Wọ́n ti yẹ èèyàn 3,428 wò ní Òsosà kan náà, wọ́n bá a lára 6 nínú 100. Láàárín àwọn ìyá tó wà lẹ́ni ọgọ́ta ọdún sí mọ́kàndínláàádọ́rin, ó tó 24 nínú 100. Ìyá wa nìyẹn o. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n lọ sí ìlú mìíràn tí májèlé ẹ̀gẹ́ ti pọ̀ lára àwọn èèyàn, àìsàn náà kò sì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Èyí mú kí wọ́n máa ṣiyèméjì bóyá ẹ̀gẹ́ gan-an ni ọ̀daràn náà. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́yìn tí Ọ̀ṣúntókun bẹ̀rẹ̀ kí ìyẹn tó jáde. Ká ní báńkì wa ló yá a lówó ni, tipẹ́tipẹ́ la ìbá ti kọ ọ́ sábẹ́ gbèsè tó ti bàjẹ́.

Ìwádìí amòfin ńkọ́? Kò ní ìgò, kò ní abẹ́rẹ́. Inú ìwé ilé-ẹjọ́ àti ẹnu àwọn àgbà ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wa ra ilẹ̀ rí, ẹ mọ ohun tí à ń sọ. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Àpápà, Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, pe ẹjọ́ náà títí dé Lọ́ńdọ̀nù. Ó jàre ní 1921, wọ́n sì sọ ọ́ níbẹ̀ pé láàárín wa, ti ìlú tàbí ti ẹbí ni ilẹ̀. Taslim Ọláwálé Elias wá jókòó ti ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kó ìdájọ́ jọ, ó kó àṣà jọ, ó tò wọ́n, ó sì tẹ ìwé lórí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà jáde ní 1951. Ọkùnrin yìí ló di ààrẹ ilé-ẹjọ́ àgbáyé ní Hague ní 1982. Títí dòní, bí oníbàárà bá gbé ìwé ilẹ̀ ẹbí wá yáwó, ohun tí à ń wò ni ìbúwọ́lù olórí ẹbí àti ti àwọn ọmọ ẹbí pàtàkì. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìfi tó wọn létí, ilé-ẹjọ́ lè yí i padà. Bí ọmọ ẹbí bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, títà náà kò fìdí múlẹ̀ rárá. Orí ìmọ̀ yìí ni owó báńkì jókòó lé, àwa kò sì bi ẹnikẹ́ni rí pé kí ni èrè rẹ̀.

Ti ìṣirò tún yàtọ̀. Òfin igun mẹ́ta tí wọ́n fi orúkọ Pythagoras pè, tí wọ́n fi nà wá ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó ti lé ní ẹgbàá ọdún, kò sì sí ìlú tí ẹnì kan lè lọ kó lọ bá èsì mìíràn bọ̀ bí ti Òsosà. Ẹ̀rí tiwọn kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ń wádìí bí àwa èèyàn ṣe ń kà á. Mann, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ará Jámánì, kọ̀wé lórí ònkà Yorùbá ní 1887. Márùndínláàádọ́ta: ogún mẹ́ta, yọ mẹ́wàá, tún yọ márùn-ún. Ó so ó pọ̀ mọ́ bí àwọn bàbá wa ṣe ń ka owó ẹyọ. (Àwa tí à ń ka owó fún iṣẹ́ òòjọ́, a kò ronú kàn án rí.) Nígbà tó yá, Helen Verran, ará Ọsirélíà, wá ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ifẹ̀. Ó rí olùkọ́ kan tó ń fi okùn àti páálí kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń wọn gígùn. Kì í ṣe bí òun ṣe kọ́ ọ nìyẹn, àmọ́ iṣẹ́ náà yé àwọn ọmọ dáadáa. Obìnrin yìí ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀tọ̀ pátápátá ni ọgbọ́n ònkà tiwa àti ti òyìnbó. Nínú ìwé rẹ̀ ti 2001, ó bá ara rẹ̀ jiyàn, ó ní òun ti ṣì í. Ẹ mélòó nínú wa ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé gbogboogbò?

Ó wá ku Erédò. Yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí ó tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì rẹ̀ tó 20 mítà, bí ilé alájà mélòó kan. Peter Lloyd kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1959. Patrick Darling wá rìn ín, ó wọ̀n ọ́n, ó sì yà á sórí máàpù kí ayé tó gbọ́ nípa rẹ̀ ní 1999. Àwọn kan ní Bílíkísù Sùngbọ́ tó sùn ní Òkè-Ẹ̀rì ni ọbabìnrin Ṣébà. Àwọn onímọ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀, Ṣébà ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ṣáájú yàrà náà. Ta ló wá gbẹ́ ẹ? Agboolé wo ló gbẹ́ apá ibí? Ẹ̀rọ kò lè sọ ìyẹn. Ẹnu àgbà ló wà, ohun tí ọmọbìnrin yẹn sì fẹ́ lọ gbà nìyẹn. A ti ń fi katapílà tú apá kan yàrà náà ká báyìí, à ń pín in ní púlọ́ọ̀tì. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú wa tó wà ní gbọ̀ngàn yìí ti rà níbẹ̀.

Orúkọ àwọn àgbà mẹ́ta ló kọ sínú lẹ́tà rẹ̀ tó fẹ́ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. A lọ wá wọn lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ọ̀kan ti kú ní oṣù kẹta, oṣù méjì lẹ́yìn tí àwa dìde ní ìpàdé. Ọmọ rẹ̀ sọ fún wa pé bàbá mọ orúkọ àwọn tó gbẹ́ apá ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n a máa kà á léraléra. Ó ní òun rántí méjì.

A yẹ ìwé owó ìrànlọ́wọ́ wa wò fún ọdún mẹ́wàá. Ìṣègùn, òfin, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò owó ló gbé gbogbo rẹ̀. Kò sí ọmọ kan ṣoṣo tó ń kọ́ ìtàn tàbí èdè. Nítorí náà, a ti kọ àbá kan sílẹ̀ fún ìpàdé oṣù tó ń bọ̀: kí ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà máa lọ sọ́dọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta kò ó, ààyè wà, àwa náà ti wà níbẹ̀ rí. Ní ti ọmọbìnrin náà, a ti bẹ̀ ẹ́, a sì ti san owó ọkọ̀ oṣù méjì láti àpò ara wa, rìsíìtì wà lọ́wọ́ akápò. Bàbá méjì ló ṣẹ́kù lórí ìwé rẹ̀, ọ̀kan ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀la òde yìí ni yóò lọ síbẹ̀.

 Oúnjẹ ti ń tutù, ẹ jẹ́ ká jẹun.