Ìtọ́jú Òbí Lọ́jọ́ Ogbó

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí sọ ní Ọjà Tuntun, Ìlọrin)

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba Aláàánú. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa ń bi wá pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí Mùsùlùmí gbé òbí rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó? Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì mọ́. Ìjọba Èkó ní ọ̀kan ní Yábàá. Ìjọ Kátólíìkì ní ọ̀kan ní Múṣín. Òfin tí ó dá ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ sì jẹ́ ti ọdún 2017.

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo ilé tiwa ná. Láyé àtijọ́, arúgbó kì í dá wà nínú agboolé Ìlọrin. Ìyàwó ilé a gbé omi àlùwàlá fún un, ọmọ-ọmọ a mú un lọ́wọ́ jáde. Lónìí, àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó, Àbújá àti òkè òkun. Ìyá kan wà tí mo máa ń kí lẹ́yìn ìrun Alásárì, kò jìnnà sí ọjà yìí. Àwọn ọmọ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún un, owó kò sì wọ́n ọn. Ṣùgbọ́n ọmọdébìnrin kan tí wọ́n ń sanwó fún ni ó ń bá a gbé. Lọ́jọ́ kan ó ní: "Àáfà, ẹ jókòó díẹ̀ sí i. Láti àárọ̀, ohùn rédíò nìkan ni mo gbọ́." Ṣé ilé arúgbó kọ́ ni ìyẹn náà? Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2022, Ìlú Ọba ṣí ọ̀nà físà fún àwọn olùtọ́jú arúgbó láti òkèèrè. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà gba ibẹ̀ lọ kí wọ́n tó ti ọ̀nà náà ní oṣù keje ọdún 2025. Iṣẹ́ halálì ni, iṣẹ́ àánú sì ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ wa bá ń wẹ ìyá oníyàá lọ́hùn-ún, ta ni ó ń wẹ ìyá tirẹ̀ níhìn-ín?

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Súrà Isirá-i, àáyà 23 àti 24, fi ogbó òbí sí ọ̀dọ̀ ọmọ, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìkanra bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Ìdáhùn wa nìyí: iṣẹ́ ìtọ́jú ṣeé pín, ojúṣe ọmọ kò ṣeé gbé fún ẹlòmíràn. Bí àìsàn bá ju agbára ilé lọ, tàbí tí iyè òbí bá ti rà, ọmọ tí ó wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà kò dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a gbọ́ tẹnu òbí ná. Kí oúnjẹ halálì, omi àlùwàlá àti àyè ìrun wà níbẹ̀. Kí ọmọ má sì yé lọ. Ẹni tí ó gbé òbí lọ síbẹ̀ kí ó lè gbàgbé rẹ̀ ti jù ú nù. Ẹni tí ó fi í sílẹ̀ nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ti jù ú nù.

Nítorí náà, bí ẹ bá délé, ẹ pe àwọn ọmọ ìyá yín jọ. Ẹ pín ọ̀sẹ̀ láàárín ara yín. Kí olúkúlùkù mọ ìgbà tí òun yóò sùn ti òbí. Owó kò lè gbé ìyá dìde fún ìrun Àsùbáà; ọwọ́ ni í gbé e.

Kí Ọlọ́hun ṣàánú àwọn òbí wa, kí Ó má jẹ́ kí ogbó wọn di ẹrù lójú wa. Àmín.